Báwo Ni Mo Ṣe Máa Ta Mọ́tò Onílẹ̀kùn Méjì Yìí? Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Wa Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó dé sọ́wọ́ wa lóṣù yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló sì dá lórí títa mọ́tò, pàápàá kúpé, àwọn mọ́tò onílẹ̀kùn méjì tó rẹlẹ̀, tó lè sáré yẹn. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo mú mẹ́rin. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí inú ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo àwọn yòókù wà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Tíṣà ni mí, agbègbè Caretaker ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Mo ní Honda Accord 2004 kan, èyí tí àwọn mekáníìkì ń pè ní End of Discussion, àmọ́ ilẹ̀kùn méjì péré ni tèmi ní, V6 ni, ìyẹn oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, gíà ọ́tò. Mo ra á ní tòkunbọ̀ ní 2015, èmi nìkan ni mo sì ti ń wà á látìgbà yẹn. Ìyàwó mi ti bí ọmọ kejì báyìí, a ò lè máa ká àga iwájú ká tó gbé ọmọ sẹ́yìn mọ́, epo náà tún ti wọ́n. Dílà kan ní ₦2.2 mílíọ̀nù lòun máa san, ọ̀rẹ́ mi ní kí n má gbà kéré sí ₦3.5 mílíọ̀nù, kí n tà á fúnra mi. Ó ti di oṣù mẹ́ta tí mo ti ń gbé e sórí WhatsApp status, àwọn ọmọ LAUTECH ń wá wò ó, wọ́n á ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á lọ. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Ìdáhùn: Bọ̀dá mi, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú oríire ọmọ tuntun. Kò sóhun tẹ́ ẹ ṣe tí ò dáa, ọjà tó wà lọ́wọ́ yín ni kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ká ní Corolla onílẹ̀kùn mẹ́rin lẹ fẹ́ tà ni, tẹ́ ẹ bá gbé e sí Takie láàárọ̀, kó tó dìrọ̀lẹ́ àwọn èèyàn á ti máa bi yín ní iye ẹ̀, torí olórí ilé ń wá a, pásítọ̀ ń wá a, oní-kábúkábú ń wá a. Kúpé ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó máa ra kúpé ti ní in lọ́kàn kó tó rí tiyín, ó lè jẹ́ ọmọkùnrin tí ò tíì gbéyàwó, ó sì lè jẹ́ àgbàlagbà táwọn ọmọ ẹ̀ ti kúrò nílé tó fẹ́ mọ́tò kejì tí á máa gbé jáde ní Sọ́ńdè. Irú wọn ò pọ̀ nílùú wa, àmọ́ wọ́n wà, wọ́n wà ní Ìlọrin, wọ́n wà ní Ìbàdàn, tí ohun tí wọ́n rí bá sì ti dá wọn lójú wọ́n máa wá. Oṣù mẹ́ta ò tíì pọ̀ jù fún irú mọ́tò yìí. Ohun tí mò ń bẹ̀rù fún ẹni tó ń ta kúpé ni pé tó bá ti sú u láti dúró, oníbàárà àkọ́kọ́ tó bá kówó síta ló máa gbé kọ́kọ́rọ́ fún láì wo ìwé, láì wo ẹni náà, kó lè parí.

Ẹ má bínú sí dílà yẹn. Mọ́tò náà lè wà lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìdajì ọdún, á tún nǹkan ṣe lára ẹ̀, á sì jẹ èrè, iye tó pè yẹn ò burú lójú tiẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa fi jù ú lọ tẹ́ ẹ bá tà á fúnra yín, owó iṣẹ́ ni, iṣẹ́ yẹn gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ báyìí. Ọ̀rẹ́ yín tó ní ₦3.5 mílíọ̀nù, ẹ bi í níbi tó ti rí i o. Tó bá jẹ́ orí Jiji, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó ọjà, ló ti rí i, iye tí wọ́n ń pè lójú ọjà nìyẹn, iye tí wọ́n gbà lábẹ́ igi nígbà tí dúnàádúrà parí, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ síbẹ̀.

Ohun méjì ló ń fa iye mọ́tò yín síbí fà á sọ́hùn-ún. Látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, tòkunbọ̀ ti di ọ̀wọ́n, ìyẹn wá gbé iye àwọn tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí náà sókè, èyí dáa fún yín. Àmọ́ 29 May ọdún yẹn náà ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, epo tí ò tó ₦200 lítà kan kọjá ₦600 kí July tó parí, ó sì kọjá ₦1,000 nígbà tó máa fi di October 2024. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ V6 báyìí, epo ló kọ́kọ́ máa rò. Accord oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ti ọdún yẹn, ẹ́ńjìnnì 2.4 lítà tó ní agbára ẹṣin 160 ni, tiyín oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà jẹ́ 3.0 lítà, agbára ẹṣin 240. Ẹ má fi pa mọ́ o, ẹ kọ ọ́ síwájú pátápátá. Ẹni tí epo ń dà láàmú ò ní rà á bẹ́ ẹ pa á mọ́ títí, ẹni tó sì fẹ́ràn kúpé lódodo, V6 yẹn gan-an ló lè gbé e wá láti Ìlọrin. Tó bá jẹ́ èmi, ₦3.3 mílíọ̀nù ni mo máa pè é, màá sì ti bá ìyàwó mi sọ ọ́ nínú yàrá pé a ò ní gbà kéré sí ₦2.9, nítorí ẹni tí ò bá mọ ibi tó máa dúró sí kó tó jáde, ẹlòmíì ló máa bá a yan ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp status ńkọ́? Àwọn tó ní nọ́ńbà yín nìkan ló ń rí i, wákàtí 24 ó ti pòórá, àwọn èèyàn kan náà lẹ ti ń polówó fún látoṣù mẹ́ta. Ẹ gbé e lọ sórí Jiji àti Facebook, pàápàá níbi táwọn oní-Honda ń péjọ sí, ẹ sọ fún mekáníìkì yín àti rẹwáyà yín àti ẹni tó ń bá yín lẹ táyà, torí àwọn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ pé lágbájá ń wá mọ́tò, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní nǹkan tó bá já sí i. Ẹ lẹ bébà mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà fóònù gàdàgbà. Àwọn ọmọ LAUTECH tó ń wá ya fọ́tò yẹn, ẹ má lé wọn, ọ̀kan nínú wọn lè ní ẹ̀gbọ́n tó ń wá irú ẹ̀.

Fọ́tò wá ṣe pàtàkì ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ fọ mọ́tò náà, inú àti ìta, kẹ́ ẹ yà á láàárọ̀ kùtù tàbí nígbà tóòrùn bá ti ń lọ, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń ba àwọ̀ mọ́tò jẹ́ nínú fọ́tò. Ẹ yà á látẹ̀gbẹ́ kí ìdúró ẹ̀ lè yọ, ohun tó ń ta kúpé gan-an nìyẹn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, ẹ ká àga iwájú kẹ́ ẹ ya àga ẹ̀yìn, ẹ ya ẹ́ńjìnnì, ẹ ya dáṣíbọọ̀dù nígbà tẹ́ ẹ bá tan mọ́tò kí iye máìlì hàn. Máìlì ni mo sọ o, mọ́tò tó bá ti Amẹ́ríkà wá, kì í ṣe kìlómítà ló ń kà, máìlì kan sì ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ kedere kó má baà dà bíi pé ẹ fẹ́ tan èèyàn jẹ. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ya ibi tó bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, ibi tó bàjẹ́. Ẹ kọ irú èyí: “Honda Accord kúpé 2004, V6, gíà ọ́tò, ẹnì kan ṣoṣo ló ti lò ó ní Nàìjíríà láti 2015, A.C. ń tutù, bọ́ńpà iwájú ti họ nísàlẹ̀, gíláàsì apá ọ̀tún kì í tètè gòkè, gbogbo pátíkúlà pé, Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ti máa rí i.” Ẹni tó bá ka èyí tó ṣì wá, ó ti mọ ohun tó ń bọ̀ wá rà, kò ní débẹ̀ kó máa fi bọ́ńpà já owó yín wálẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá sì fi pa mọ́, tí mekáníìkì ẹ̀ bá rí i, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti sọ tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ òótọ́ ló máa bá a lọ.

Ẹni tó mọ kúpé, ibi tó máa wò ò pọ̀. Ó máa ṣí ilẹ̀kùn, á gbé e sókè díẹ̀ látìsàlẹ̀, torí ilẹ̀kùn kúpé gùn, ó wúwo, ìdè ẹ̀ máa ń jẹ tó bá pẹ́, ilẹ̀kùn á wá máa wọ́lẹ̀ kó tó wọlé. Ó máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, torí mọ́tò tó rẹlẹ̀ lójú pópó wa yìí, bọ́ńpù ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sáílẹ́ńsà ẹ̀. Ó máa wo táyà: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019, táyà tó ti gbó kì í ṣe ohun téèyàn ń fi eyín rẹ́rìn-ín bò. Á wá bi yín nípa táímìn bẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ kí fáàfù àti písítìn máa bára wọn rìn. Oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ti Accord yẹn, ṣéènì ló ń lò, V6 tiyín bẹ́ẹ̀tì ló ń lò, nǹkan bí 105,000 máìlì tàbí ọdún méje ni wọ́n ní kéèyàn máa fi pààrọ̀ ẹ̀, tó bá sì já lórí ìrìn, fáàfù àti písítìn á pàdé ara wọn, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ ẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti ra á, ẹ wá rísíìtì ẹ̀ jáde, ó níye lórí ju kẹ́ ẹ lọ ra síìtì tuntun lọ. Tẹ́ ẹ ò bá tíì pààrọ̀ ẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ nínú owó.

Gíà náà ńkọ́. Lọ́dún 2004 Honda fúnra wọn pe Accord V6 ti 2003 àti 2004 padà, nítorí gíà kejì tó lè gbóná jù nínú gíà ọ́tò wọn. Ẹni tó mọ mọ́tò máa bi yín bóyá ó ń ta èèyàn nípàá tó bá ń kúrò ní gíà kìíní bọ́ sí ìkejì, ó sì máa bi yín irú epo gíà tẹ́ ẹ ń bù sí i, torí Honda ní tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ dáhùn bó ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín pa iná ẹ́ńjìnnì rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tóníbàárà fẹ́ wá, kọ̀ǹpútà yẹn náà ló máa sọ fún un pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́ ni.

Tí wọ́n bá fẹ́ wà á wò, ọ̀sán ni o, níbi tèèyàn wà, iwájú ilé epo tàbí iwájú báǹkì, kẹ́ ẹ mú ẹnì kan dání. Ẹ wo láísẹ́ńsì ìwakọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ yà á sínú fóònù. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wà á, lẹ́yìn náà kó bọ́ síwájú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ìjókòó, ẹ pa mọ́tò, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Tí èèyàn mẹ́ta tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí bá fẹ́ bá yín jókòó kí wọ́n dánra wò dé ọ̀nà Ìlọrin, ẹ sọ pé rárá, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó. Alẹ́ẹ̀tì tó wọ fóònù kì í ṣe owó, àwọn gbájúẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó rí gẹ́lẹ́ bíi ti báǹkì. Ẹ ṣí áàpù báǹkì yín fúnra yín kẹ́ ẹ wo iye tó wà níbẹ̀, ohun tó sì dáa jù ni kẹ́yin méjèèjì jókòó sínú báǹkì títí owó á fi wọlé. Orúkọ ẹni tó ń rà ni kó wà lórí tiráńsífà, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ ẹ̀, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan tẹ́ ẹ ò gbọ́ rí, torí tówó náà bá jẹ́ owó tí wọ́n jí gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì, àkáǹtì tó wọlé sí ni báǹkì máa tì pa, ẹ̀yin lẹ sì máa lọ ṣàlàyé. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa fojú oníyàhúù wo gbogbo ọmọkùnrin tó bá fẹ́ kúpé o, ìyẹn ò dáa, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣiṣẹ́ gidi, ẹ kàn béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn, àtàgbà àtọmọdé. Tí wọ́n bá ní káàṣì làwọn fẹ́ san, òfin tó de fífi owó ẹ̀gbin ṣòwò, ti 2022, ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ gba káàṣì tó ju ₦5 mílíọ̀nù lọ. Iye tiyín ò dé bẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á nínú báǹkì.

Ìwé wá ni o, ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jù. Ẹ kó pátíkúlà jọ kí oníbàárà tó dé: láísẹ́ńsì ọkọ̀, ìwé ẹ̀rí olówó ọkọ̀, ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó, ìnṣọ́ránsì (ti tádi-pátì ti kúrò ní ₦5,000, ₦15,000 ni láti January 2023), àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba bọ́dà orí ilẹ̀ wọlé, kọ́sítọ́ọ̀mù sì máa ń dúró lójú ọ̀nà, ẹni tó ń rà á máa fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ san owó bọ́dà ní 2015 lóòótọ́. Ẹ kọ ìwé àdéhùn méjì, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún yín. Orúkọ yín àti tiẹ̀, àdírẹ́sì, nọ́ńbà NIN, nọ́ńbà ṣáásí mẹ́tàdínlógún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, iye tó san, pé ó ti wò ó, mekáníìkì ẹ̀ sì ti wò ó. Kí ẹlẹ́rìí kan wà fún yín, kí kan wà fún un. Ẹ kọ ọjọ́, kẹ́ ẹ sì kọ aago. Aago yẹn ṣe kókó, torí tó bá gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín láago méjì tó lọ kọlu ẹnì kan láago mẹ́rin, aago yẹn ló máa sọ ẹni tó ni ín nígbà yẹn. Ẹ lọ búra sí i ní kóòtù, kẹ́ ẹ sì jọ lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì láti yí orúkọ olówó ọkọ̀ padà. Ẹ má gbà kó sọ pé òun máa ṣe é tó bá délé. Ọ̀pọ̀ ò ní ṣe é. Bí orúkọ yín bá ṣì wà nídìí mọ́tò tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ibi ní Ìbàdàn, ẹnu ọ̀nà yín ní Caretaker lọlọ́pàá máa kọ́kọ́ kàn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Toyota Solara ni tèmi, Òkè-Àdó ni mò ń gbé. Ara ẹ̀ ti họ káàkiri, oníkùnkùn kan ní ₦400,000 lòun máa fi kùn ún látòkèdélẹ̀ kó lè tà. Mo tún ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo sì ti yí sáílẹ́ńsà ẹ̀ sí èyí tó ń dún. Ṣé kí n kùn ún?

Ìdáhùn: Má kùn ún o, àbúrò mi. Mọ́tò tó ti pẹ́ tó wá ń dán látòkèdélẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà á, ojú tó bá wò ó á sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, wọ́n á máa wá ibi tó ti já, wọ́n á máa fi ìka kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n gbọ́ bóyá bódìfílà ló wà lábẹ́ ẹ̀. First body, ìyẹn ọ̀dà tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́, bó bá tiẹ̀ họ, ó níye lórí ju èyí tí wọ́n kùn lánàá lọ. Jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n lù ú ní pọ́líìṣì dáadáa, kí wọ́n fi àwọ̀ díẹ̀ kan ibi tó ti fẹ́ máa dógùn-ún, ó tán. Owó yòókù, fi tún A.C. ṣe tí ò bá tutù, èyí nìkan ló máa ń mú kéèyàn yẹ̀ lórí mọ́tò láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Sáílẹ́ńsà àti sípírín, dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe wà láti ilé iṣẹ́ tó o bá ṣì ní àwọn ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó fẹ́ èyí tó ń dún kéré sí àwọn tí ò fẹ́ ẹ, àwọn tó sì fẹ́ ẹ, wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe tiwọn. Ta èyí tó ń dún yẹn lọ́tọ̀. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kó o kọ sínú ìpolówó ẹ torí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n: Camry ni wọ́n fi ṣe Solara, ọ̀pọ̀ pátì ẹ́ńjìnnì àti ti abẹ́ ẹ̀ ló bá ti Camry mu, ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé òun ò ní rí pátì kúpé lè rí i ní Gate n’Ìbàdàn láì tíì dé Ladipo. Iná iwájú àti ilẹ̀kùn nìkan ló lè fún un ní wàhálà, sọ ìyẹn náà fún un.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìyá ọlọ́mọ ni mí, Sábó ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá, ó fi Mercedes CLK onílẹ̀kùn méjì kan sílẹ̀, ó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àbúrò ẹ̀ ti rí ẹni tó máa rà á, ó ní kí n kó ìwé wá. Orúkọ ọkọ mi ló wà lórí gbogbo ẹ̀. Ara mi ò gbà á.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àráfẹ́rakù, Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ sí. Ara yín tí ò gbà á yẹn, ó tọ̀nà. Mọ́tò tí orúkọ olóògbé wà lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á títí kóòtù fi máa fún àwọn kan láṣẹ láti bójú tó ohun tó fi sílẹ̀. Tó bá kọ wíìlì, àwọn tó yàn sínú ẹ̀ ló máa lọ fi wíìlì náà han kóòtù gíga kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan. Tí ò bá kọ ọ́, ìyàwó àtàwọn ọmọ tó ti dàgbà àtàwọn ẹbí ló máa lọ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní letter of administration, ẹ béèrè ọ́fíìsì probate ní kóòtù gíga, àwọn ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Àwọn tí orúkọ wọn bá wà lórí ìwé yẹn ló máa fọwọ́ sí i pé àwọn ta mọ́tò, owó ẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo àwọn tí ogún kàn.

Ẹ má jẹ́ kó dìjà láàárín ẹ̀yin àti àbúrò ọkọ yín, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀ pé òfin wà fún un. Ẹ pe bàbá tó jẹ́ àgbà nínú ẹbí, kẹ́ ẹ sọ ọ́ níwájú ẹ̀ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ pé ẹni tó bá rà á báyìí ò ní lè yí orúkọ padà, tó bá sì yá á padà wá gba owó ẹ̀. Ìwé mọ́tò, ọ̀dọ̀ yín ni kó wà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀.

Mọ́tò náà fúnra ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jókòó kó kú sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń dúró de kóòtù. Ẹ jẹ́ kí rẹwáyà tú bátìrì ẹ̀, kó máa wá so ó lóòrèkóòrè kó tan mọ́tò kó gbóná dáadáa, kí wọ́n sún un síwájú díẹ̀ kí táyà má baà dúró lójú kan, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan bò ó kí òjò má wọ inú ẹ̀. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, pàápàá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó máa ní àwọn kàn fẹ́ fi lọ síbi ìyàwó kan ní Sátidé. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ọkọ yín ṣe nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá rà á, ìwé á sì ti pé nígbà yẹn.

Ìbéèrè: Hyundai Tiburon 2005 ni mo fẹ́ tà, Under G ni mò ń gbé. Ẹnì kan ní òun máa fún mi ní Corolla 2005 òun pẹ̀lú ₦500,000, ká pààrọ̀. Ẹlòmíì ní òun máa san ìdajì báyìí, kóun gbé mọ́tò, kóun san ìyókù níparí oṣù mẹ́ta. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Èkejì yẹn, má gbà á. Tó bá fẹ́ràn mọ́tò náà, kó san ìdajì, kí mọ́tò àti ìwé wà lọ́dọ̀ ẹ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé tó bá di ọjọ́ báyìí tí ò bá san ìyókù o máa tà á fún ẹlòmíì kó o sì dá owó ẹ̀ padà. Tó bá kọ èyí, o ti mọ ìdí tó fi kọ ọ́.

Àkọ́kọ́ dáa, ó tiẹ̀ lè dáa gan-an torí Corolla máa tètè tà tó o bá tún fẹ́ tà á, àmọ́ o ti di oníbàárà nìyẹn náà, ohun gbogbo tí mo ní kí bọ̀dá Caretaker máa retí lọ́wọ́ oníbàárà, ìwọ náà ṣe é. Mú mekáníìkì tìẹ lọ, má lo tiẹ̀. Wo nọ́ńbà ṣáásí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, wo èyí tó wà létí ilẹ̀kùn, wo èyí tó wà nínú ìwé, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kẹwàá nínú mẹ́tàdínlógún yẹn ló ń sọ ọdún mọ́tò tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà: 5 ni 2005, tó bá jẹ́ 3 lo rí, 2003 ni, kó yọ ìyàtọ̀ ẹ̀ nínú owó. Tí orúkọ tó wà lórí ìwé Corolla kì í bá ṣe tiẹ̀, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un kó o tó ṣe ohunkóhun. Ìwé àdéhùn méjì ló máa jẹ́, ti Tiburon lọ́tọ̀, ti Corolla lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì yí orúkọ méjèèjì padà lọ́jọ́ kan náà.

Tiburon tìẹ, bóyá oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ni àbí V6, bẹ́ẹ̀tì ló ń lò, nǹkan bí 60,000 máìlì ni wọ́n ń fi pààrọ̀ ẹ̀. Sọ ìgbà tó o pààrọ̀ ẹ̀ gbẹ̀yìn fún un kó tó gbé kọ́kọ́rọ́, kódà bí ò bá béèrè.